Ohun Tí Ó Ń Mú Akẹ́kọ̀ọ́ Dé Òpin: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adúláwọ̀ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ kankan, tí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sì ń bẹ̀rù. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ a kún fọ́fọ́. Bí ó bá di ọdún kejì, àga mélòó kan a ṣófo. Ní ọjọ́ ìgboyè, a kì í rí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọlé. Níbo ni àwọn yòókù gbà lọ? Kí ni ó mú ẹnì kan dúró, tí ẹnì kejì rẹ̀ sì di ẹrù rẹ̀ padà sílé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí a wò. Ìtàn tí mo mú wá jẹ́ ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà ṣe ní ọdún 1965 ni ó ṣe àlàyé irú ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ yìí tọ́ sí: èyí tí a dá sílẹ̀ ṣáájú ọdún 1964, tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti kọ́ àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n tó nǹkan bí 100 lónìí, àwọn mìíràn jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti ìjọ Ọlọ́run tàbí ti ìgbìmọ̀ aládàáni.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìparí, òun nìkan ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. A ó ní kò ní ìforítì. Ìtàn tí a fẹ́ gbọ́ yìí fi hàn pé ìforítì kì í ṣe ìwà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ààrò kìíní. Ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn olùkọ́ ni ìkejì. Owó ni ìkẹta, pàápàá owó ìlú. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí à ń wí yìí, ààrò méjì ìṣáájú ti gbìyànjú láti gbé ìkòkò dúró. Ìkẹta ni ó ń yẹ̀ léraléra.

Ìpìlẹ̀ wọn

Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí ní ọdún 1865, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù láti kọ́ ẹrú ní ìwé. South Carolina ti ṣe òfin láti ọdún 1740 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. Lẹ́yìn tí Nat Turner kó àwọn ẹrú jọ ní Virginia ní ọdún 1831, tí wọ́n sì gbé ogun dìde sí àwọn ọ̀gá wọn, irú òfin bẹ́ẹ̀ tún le sí i. Ìhà àríwá, níbi tí ẹrú kò pọ̀, ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti rú jáde. Èyí tí ó di Yunifásítì Cheyney lónìí bẹ̀rẹ̀ ní Pennsylvania ní ọdún 1837. Lincoln tẹ̀lé e ní ìpínlẹ̀ kan náà ní ọdún 1854. Wilberforce sì tẹ̀lé wọn ní Ohio ní ọdún 1856.

Bí ogun ti parí tí ẹrú sì di òmìnira, ìwé ni àwọn ènìyàn náà kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn oúnjẹ àti ilẹ̀. Àwọn ìjọ adúláwọ̀, àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì láti àríwá àti ọ́fíìsì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú jọ dáwọ́ lé e. A dá Fisk sílẹ̀ ní Nashville ní ọdún 1866, Howard ní Washington ní ọdún 1867, Hampton ní Virginia ní ọdún 1868. Spelman, ti àwọn obìnrin, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1881 nínú iyàrá abẹ́ ilé ìsìn kan ní Atlanta pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 11.

Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi etí sí ibí yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a pe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gírámà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń kọ́. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Níbo ni ẹni tí òfin kọ̀ fún láti mọ A yàtọ̀ sí B yóò ti rí ìwé-ẹ̀rí gírámà? Àgbàlagbà àti ọmọdé jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àkókò iṣẹ́ òwú ń fa àwọn kan padà sí oko, ọ̀pọ̀ sì ń lọ ṣe iṣẹ́ tíṣà ní abúlé kí wọ́n lè rí owó tí wọn yóò fi padà wá. W. E. B. Du Bois, tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ náà, wọ Fisk ní ọdún 1885. Ní àkókò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìgbèríko Tennessee. Ó gboyè ní ọdún 1888. Nítorí náà, kíkúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀; ọ̀nà kan ni ó jẹ́ láti rí ohun tí a ó fi padà wọlé.

Ààrò kìíní: akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1872, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí sínú oko ẹrú, Booker T. Washington, fi Malden ní West Virginia sílẹ̀, ó forí lé Hampton. Ìrìn náà tó nǹkan bí máìlì 500. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní ìlú Richmond, abẹ́ pákó tí a fi tẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń sùn sí lóru, tí ó sì ń bá wọn já ẹrù ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án kí ó lè jẹun. Nígbà tí ó dé Hampton, 50 sẹ́ǹtì péré ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ obìnrin tí ó pàdé kò bi í ní ìbéèrè kankan nínú ìwé. Ó ní kí ó gbé ìgbálẹ̀, kí ó lọ gbá iyàrá kan. Ó gbá iyàrá náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó nu eruku inú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Obìnrin náà fi aṣọ funfun nu ara ògiri àti àga, kò rí ìdọ̀tí. Ó gbà á wọlé.

A máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ láti fi hàn wọ́n pé ẹni tó bá múra kò ní ṣàì dé ibi gíga. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà sọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu Washington fúnra rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Owó ẹ̀kọ́ ní Hampton nígbà náà jẹ́ 70 dọ́là lọ́dún, kò sì sí ibi tí ọmọ náà ti lè rí i. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Samuel Armstrong, ni ó bá a wá olówó kan ní New Bedford tí ó san án. Ní ti oúnjẹ àti ibùsùn, ilé-ẹ̀kọ́ fún un ní iṣẹ́ ìtọ́jú ilé kí ó lè máa fi dí i. Ó parí ní ọdún 1875. Ẹ yọ olówó náà kúrò, ẹ yọ iṣẹ́ náà kúrò, ọmọ kan náà, pẹ̀lú ìforítì kan náà, ì bá padà sí ibi ìwa-èédú tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òun náà di ọ̀gá Tuskegee ní Alabama ní ọdún 1881, ìjọba ìpínlẹ̀ fún un ní 2,000 dọ́là lọ́dún fún owó oṣù àwọn olùkọ́. Kò sí ilẹ̀, kò sí ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n mọ bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n to bíríkì tí wọ́n sì sun ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Washington gbé aago rẹ̀ lọ sí Montgomery, ó fi dógò fún 15 dọ́là kí wọ́n lè tún un ṣe. Ní ìgbà kẹrin, ó jiná. Inú gbogbo wọn kọ́ ni ó dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ yìí; àwọn kan ráhùn pé ìwé ni àwọn wá kọ́, àwọn òbí kan sì kọ̀wé fi ẹ̀hónú hàn. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ni ó jẹ́ kí ẹni tí kò ní owó lè dúró.

Ààrò kejì: ilé-ẹ̀kọ́

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1871, gbèsè ti fẹ́ pa Fisk. George White, akápò ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó tún jẹ́ olùkọ́ orin, kó akẹ́kọ̀ọ́ 9 jọ, wọ́n sì gbéra ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún náà láti lọ máa kọrin gba owó ní àwọn ìlú àríwá. Orin tí àwọn òbí wọn kọ nínú oko ẹrú ni ó mú wọn lókìkí. Ní ọdún 1873, wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí wọ́n rí ni a fi kọ́ ilé ńlá tí a ń pè ní Jubilee Hall, tí ó parí ní ọdún 1876. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí dá ẹ̀kọ́ tiwọn dúró kí ilé-ẹ̀kọ́ má baà dúró. Bí a bá fi ojú òǹkà lásán wò wọ́n, a ó kọ wọ́n mọ́ àwọn tí kò forí tì í. Bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó tẹ̀lé wọn rí ibi tí wọn yóò ti forí tì í.

Ní ọdún 1904, Mary McLeod Bethune ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin 5 ní Daytona, Florida. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju dọ́là kan àti 50 sẹ́ǹtì lọ. Àpótí ẹrù tí àwọn ènìyàn ti sọ nù ni wọ́n fi ṣe tábìlì. Omi èso igi ni wọ́n fi ṣe yíǹkì. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe oúnjẹ ọ̀dùnkún tà láti fi san owó ilẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó di Yunifásítì Bethune-Cookman.

Kì í ṣe àtijọ́ nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina jà ní New Orleans, omi sì bo ọgbà Yunifásítì Xavier. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọ́nká sí ìpínlẹ̀ káàkiri. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Norman Francis, tí ó ti wà ní ipò náà láti ọdún 1968, ṣèlérí pé ilẹ̀kùn yóò ṣí padà ní oṣù kìíní ọdún 2006. Ó sì ṣí. Láti oṣù náà títí di oṣù kẹjọ, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ sáà méjì tẹ̀léra kí ọdún kan má baà ṣòfò mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó padà wá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ orúkọ ọmọ, tí ó sì ń retí rẹ̀, ni ọmọ máa ń padà sí.

Ìforítì kì í ṣe ìdákẹ́

Kí ẹ má ṣe rò pé ìtàn yìí jẹ́ ti ìyìn nìkan. Àwọn ìgbà kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ di ẹrù lórí akẹ́kọ̀ọ́. Ní Fisk láàárín ọdún 1920 sí 1925, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Fayette McKenzie, ṣe òfin líle nítorí kí ilé-ẹ̀kọ́ lè wu àwọn olówó aláwọ̀ funfun. Ó fi òfin de aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin lè wọ̀; ọkùnrin àti obìnrin kò gbọdọ̀ jọ rìn bí ó ti wù wọ́n; ó sì dá ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Du Bois, tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí, lọ bá a wí ní gbangba ní ọdún 1924. Ní oṣù kejì ọdún 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì di ẹrù wọn kúrò. Ní oṣù kẹrin, McKenzie kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard náà da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1925 kan náà, ti Hampton sì ṣe tiwọn ní ọdún 1927.

Ní oṣù kejì ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Alabama State College lọ béèrè oúnjẹ ní ilé oúnjẹ inú ilé-ẹjọ́ Montgomery, níbi tí a kì í ti tà fún ènìyàn dúdú. Gómìnà John Patterson, tí ó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, ní kí a lé wọn. A lé 9 láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọdún 1961, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ ti kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ìwà láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un kí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìdájọ́ náà dáàbò bo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun àti dúdú títí di òní. Ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni ìjọba Alabama tó pa lílé tí wọ́n lé àwọn 9 náà rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ọdún 58! Ta ni ó kùnà ìforítì nínú ọ̀rọ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni tàbí ìjọba?

Ààrò kẹta: owó

Ní ọdún 1890, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lórí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òfin náà ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó gbọdọ̀ ṣe ọ̀kan nínú méjì: bóyá kí ó gba ènìyàn dúdú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà, tàbí kí ó ní òmíràn fún wọn, kí ó sì pín owó náà bí ó ti tọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù yan èkejì, wọ́n sì ń fún ọ̀kan ní ẹran, wọ́n ń fún èkejì ní egungun. Ilé-ẹ̀kọ́ adúláwọ̀ 19 ni a ń kà mọ́ ẹgbẹ́ ti ọdún 1890 lónìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀wé sí gómìnà ìpínlẹ̀ 16. Wọ́n ní láàárín ọdún 1987 sí 2020 nìkan, owó tí ó yẹ kí irú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí rí gbà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ náà, tí wọn kò rí gbà, ju bílíọ̀nù 12 dọ́là lọ.

Àwọn kan lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní Mississippi, Jake Ayers pe ẹjọ́ ní ọdún 1975 nítorí bí ìpínlẹ̀ náà ti ń pín owó. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ọdún 1992, a sì wá parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 503 dọ́là. Ní Maryland, ẹjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 parí ní ọdún 2021 pẹ̀lú mílíọ̀nù 577 dọ́là. Ọmọ tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún tí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ti di òbí kí owó tó jáde.

Ẹ̀rí kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ mú ìlànà ẹ̀yáwó tí àwọn òbí ń gbà fún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn le sí i. Wọ́n ń wo bí òbí ti san gbèsè àtẹ̀yìnwá jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ọdún ẹ̀kọ́ 2012 tó bẹ̀rẹ̀, a ti kọ ìbéèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí, iye akẹ́kọ̀ọ́ sì dín kù ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì adúláwọ̀. Àwọn ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ ní ọdún kan ṣoṣo. Ọpọlọ wọn kò dín. Ìlànà ẹ̀yáwó ni ó yí padà. Bí a bá ń wá ohun tí ó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ sílé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún yẹn fi hàn wá kedere.

Òdìkejì rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, olówó kan, Robert F. Smith, ṣèlérí ní ọjọ́ ìgboyè Morehouse pé òun yóò san gbèsè ẹ̀kọ́ àwọn tí ó ń gboyè lọ́jọ́ náà, nǹkan bí 400. Ó ná an ní mílíọ̀nù 34 dọ́là. Ní ọdún 2021, Wilberforce fagi lé gbèsè tí àwọn tí wọ́n gboyè ní ọdún 2020 àti 2021 jẹ ẹ́, ó ju 375,000 dọ́là lọ. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ọrẹ ọjọ́ kan kò lè dípò ètò tí ó dúró.

Bí a ti ń ka iye

Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò bi mí léèrè pé, ṣé kì í ṣe òtítọ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí, àwọn tí ó ń parí láàárín ọdún 6 kò tó ìdajì àwọn tí ó wọlé? Òtítọ́ ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ bò ó. Ó yẹ kí àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó wọlé àti ohun tí a fún un. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ó ń gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tálákà, ọ̀pọ̀ sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn tí yóò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí àwọn olùwádìí bá fi akẹ́kọ̀ọ́ wé ẹni tí ipò ilé àti ìmúrasílẹ̀ wọn jọra ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, àlàfo tí à ń rí náà a máa dín kù púpọ̀.

Ẹ tún gbọ́ iye mìíràn. Ní ọdún 1976, 18 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí. Síbẹ̀, nínú oyè àkọ́kọ́ ti yunifásítì tí a fún àwọn adúláwọ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 1976 sí 1977, 35 nínú 100 ni ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Mo gbà pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tí kì í fúnni ní irú oyè bẹ́ẹ̀ wà nínú iye àkọ́kọ́, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi ìṣirò náà yangàn jù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wo iye méjèèjì tí yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò mú ọmọ dé òpin.

Àwọn onímọ̀ náà ti sọ tiwọn. Ní ọdún 1975, Vincent Tinto ṣe àlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró bí ó bá rí àyè fún ara rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ àti nínú àwùjọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1984, Jacqueline Fleming tẹ ìwé jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn àti ní ti aláwọ̀ funfun. Ó rí i pé bí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn kò tilẹ̀ lówó tó, ìmọ̀ àti ìgboyà akẹ́kọ̀ọ́ ń dàgbà níbẹ̀ jù, nítorí pé olùkọ́ ń sún mọ́ wọn, wọ́n sì ń rí ọ̀rẹ́. Ohun tí Bethune ṣe pẹ̀lú ọmọ 5 kò yàtọ̀ sí ohun tí ìwé wọ̀nyí wá sọ.

Àwa náà jẹ nínú rẹ̀

Ìtàn yìí kàn wá ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1925, Nnamdi Azikiwe kúrò ní Èkó, ó wọ Storer College ní West Virginia, ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Howard. Ó ń fọ abọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó bá rí, síbẹ̀ owó kò tó. Àìsówó ni ó mú un kúrò ní Howard lọ sí Lincoln, níbi tí ó ti gboyè ní ọdún 1930. Kwame Nkrumah ti ilẹ̀ Gánà tẹ̀lé e lọ sí Lincoln ní ọdún 1935, ó sì gboyè ní ọdún 1939. Ní àkókò tí ó fi wà ní Amẹ́ríkà, ó ta ẹja ní Harlem, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni àwọn méjèèjì dà. Ká ní Lincoln ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò lè san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá yọrí sí? Storer, tí ó kọ́kọ́ gba Azikiwe, kò sí mọ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ West Virginia dá owó tí ó ń fún un dúró, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1955. Ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá a máa kúrò láìparí, bí kò bá sí ẹni tí ó gbé e ró.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, n kò sọ pé kí ẹ má forí tì í. Àwọn tí ó mọ bíríkì fún ìgbà kẹrin kò jókòó de ìjọba. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé nígbà tí àga kan bá ṣófo ní kíláàsì yín, kí ẹ má kàn fa ìlà sí orúkọ náà kí ẹ sì ṣí ojú ewé. Ẹ wádìí. Ó lè jẹ́ ìwà ọmọ náà ni. Ó lè jẹ́ òfin ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ 70 dọ́là péré. Ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọmọ tí a kò pọ̀n, tí ó sì dé, ẹ bi í dáadáa, yóò dárúkọ ẹni tí ó fà á lọ́wọ́.

Olóòtú, ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi í sí. Ìbéèrè tí mo gbé kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyí: ní ilé-ẹ̀kọ́ tí olúkúlùkù wa ti ń ṣiṣẹ́, èwo nínú ààrò mẹ́ta náà ni ó ń yẹ̀, ta ni ó sì yẹ kó tún un gbé kalẹ̀?